Èèwọ̀ Ìká Òfún De Ìka Tó Ń Tẹ Fóònù



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò korò létí àwọn kan. Ní Igbó-Ọrà níbí àti káàkiri ilẹ̀ Ìbàràpá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbà pé ẹni tó bá ti fi fídíò ránṣẹ́ sí ogójì ènìyàn ti jà fún ìlú rẹ̀. Àwọn àgbà awo mìíràn sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ fóònù kò kan Ìṣẹ̀ṣe, pé eré ọmọdé ni. Èmi kò gba ti ìhà méjèèjì. Fóònù ti di ẹnu ìlú. Bí ó bá sì ti di ẹnu, èèwọ̀ tí Ifá fi lélẹ̀ fún ẹnu dè é.

Ẹ jẹ́ kí a wo Igangan, tí òun àti Igbó-Ọrà jọ wà nínú Ìbàràpá Méje. Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń ké pé màlúù ń jẹ oko àwọn, pé wọ́n ń jí àwọn gbé, wọ́n sì ń pa àwọn. Àwọn aláṣẹ gbọ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Sunday Adéyẹmọ, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sunday Ìgbòho, fún Sẹ̀ríkì Fúlàní ní ọjọ́ méje láti kúrò ní Igangan. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ó padà wá; iná sì jó ilé àti ọkọ̀ Sẹ̀ríkì ní ọjọ́ náà. Fídíò rẹ̀ tàn ká Facebook àti WhatsApp, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun.

Ẹ má jẹ́ kí a purọ́: bí kò bá sí fóònù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ì bá má mọ ibi tí Igangan wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ fi #EndSARS pe ara wọn jọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Àgbà tó bá ní fóònù kò lágbára, kò tíì wo ayé dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka ọjọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter dákẹ́ ní Nàìjíríà nípa àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ní òru ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn agbébọn wọ Igangan. Ó kéré tán, ènìyàn 11 ni wọ́n pa, wọ́n sì dáná sun ààfin ọba. Ìjọba tó rí ọ̀nà ti Twitter kò rí ọ̀nà ti ẹnubodè Igangan. Gbogbo ariwo tí a pa ní oṣù kìíní kò sì dí apànìyàn lọ́nà.

Ohun kan tún wà tó dùn mí. Nínú àwọn fídíò ìgbà náà, gbogbo Fúlàní di ẹnì kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni a rí nínú wọn tí a bí sí Ìbàràpá, tí ń sọ Yorùbá bíi tiwa, tí àwọn ìyàwó wọn ń ta wàrà lọ́jà wa. Fídíò kò yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n ń para wọn ní Plateau ní oṣù kẹfà ọdún 2018, àwòrán òkú tí kì í ṣe ti ibẹ̀ tàn lórí Facebook, ó sì bu epo síná ìbínú.

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, ṣebí àwa ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ oró yìí. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti fi fídíò ọ̀daràn kan tó ń wá oògùn owó hàn, tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ babaláwo nìyẹn? Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọmọ Ọ̀rúnmìlà, kí ló dé tí a ń ṣe é sí ọmọ ẹlòmíràn?

Nínú odù Ìká Òfún, Ifá ka èèwọ̀ 16 fún àwọn àgbà tó fẹ́ gbó, tó fẹ́ tọ́. Ìtumọ̀ tí àwọn awo ń fún èyí tó ṣáájú ni pé kí ènìyàn má ṣe sọ ohun tí kò mọ̀. Àwọn àgbà náà kò pa á mọ́. Nígbà tí ikú ń mú wọn, wọ́n di ẹ̀bi ru Ọ̀rúnmìlà. Ó ní òun kọ́, èèwọ̀ tí wọn kò pa mọ́ ni. Ẹni tó ń sọ lónìí pé Facebook nìkan ló ba ayé jẹ́, ìtàn yìí ń bá a wí. Lóòótọ́, ilé iṣẹ́ tó ni ín ń jèrè lórí ohun tó ń bí wa nínú, nítorí ohun náà ni a máa ń dúró wò pẹ́. Ṣùgbọ́n ìka ta ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́?

Babaláwo kì í sọ̀rọ̀ kí ó tó dáfá. Bí odù bá sì jáde, yóò tún fi ìbò bèèrè bóyá ire ni tàbí ibi, àti irú ire wo. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí fídíò. Ta ló yà á? Níbo? Lọ́jọ́ wo? Bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti oko tó bàjẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ààfin, sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, sí ilé ẹjọ́. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ Twitter lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS ló gba ìdájọ́, ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, pé títì tí wọ́n tì í kò bófin mu. Ìwé ni wọ́n fi gbà á.

Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí a fi ìka wa ṣe ìkà. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.