Báàkì Náà Ń Jẹun: Ọ̀rọ̀ fún Òbí Ọmọ Tó Fẹ́ Fi Bọ́ọ̀lù Ṣe Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin wa ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá gba Jákàńdè títí dé Ajah, kí ẹ yà sí Badore tàbí kí ẹ tẹ̀ síwájú dé Ṣàngótẹ̀dó, ibikíbi tí iyanrìn bá ṣẹ́ kù tí wọn kò tíì kọ́lé sí, àwọn ọmọ ni ẹ óò bá níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ dà. Ọ̀kan á ní Okocha ni òun, èkejì á ní Osimhen ni òun. Ó ṣòro kí ẹ tó rí ẹni tí yóò sọ pé báàkì ni òun fẹ́ jẹ́. Gbogbo wọn ló fẹ́ jẹ góòlù. Ta ni yóò wá ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ayé rí. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni èrò ń gbé lé èjìká. Ẹni tó ti yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ilé nígbà mẹ́wàá, bí ìkọkànlá bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, òun ni wọn óò bú délé. Síbẹ̀, iṣẹ́ ni iṣẹ́ báàkì, ó sì ń bọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ Èkó kan ṣe àpẹẹrẹ fún yín.

Danny Shittu ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1980, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti dàgbà. Charlton Athletic ló kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n kò rí àyè gbá nínú eré líìgì fún wọn. Ní 2001, wọ́n yá Blackpool ní í. Ipò kẹrin ni Blackpool wà nígbà náà. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín dáadáa, ẹ mọ̀ pé ẹgbẹ́ 92 ló wà nínú ètò líìgì Ìlú Ọba láti òkè dé ìpele kẹrin. Ogún péré ló wà lókè, àwọn tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn 72 tó kù wà ní ìpele mẹ́ta nísàlẹ̀, mẹ́rìnlélógún-mẹ́rìnlélógún. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun wà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn nílé wa.

Nínú ọdún 2001 yìí kan náà ni Shittu dé Queens Park Rangers. Ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ sí ìpele kẹta ni, gbèsè sì ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn títí wọ́n fi fi ẹgbẹ́ sábẹ́ alábòójútó. Wọn kò ní owó tí wọn óò fi ra ẹnikẹ́ni. Ìdílé kan tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ló mú owó wá láti àpò ara wọn kí Shittu lè dúró. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kíyè sí i. Nígbà tí ìsọ̀ bá fẹ́ wó, òpó ni à ń kọ́kọ́ wá, a kì í wá ọ̀dà tí a óò fi kùn ún.

Ó dúró ti wọn. Ní oṣù karùn-ún 2003, wọ́n dé àṣekágbá tí ìbá gbé wọn gòkè, Cardiff City sì fi góòlù kan ṣoṣo já wọn kulẹ̀ nígbà tí wọ́n ti fi àsìkò kún eré. Ọdún kan gbáko ni wọ́n tún fi làágùn kí wọ́n tó gòkè ní 2004. Ní 2006, Watford, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé líìgì àgbà, rà á ní owó tó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ pọ́n-ùn. Ẹ lè rò pé ìyà ti tán nìyẹn. Kí ọdún eré náà tó parí ni Watford tún jábọ́. Ó lọ sí Bolton ní 2008, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí jù. Báàkì tí kò rí àyè ní Bolton yìí kan náà ni Nàìjíríà mú lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Gúúsù Áfíríkà ní 2010. Ó bá wọn gbá eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú Argentina, Greece àti South Korea.

Nígbà tó padà dé, kò sí ní Bolton mọ́. Millwall ló gbà á, lẹ́yìn náà ó padà sí Queens Park Rangers ní 2011, ó sì tún padà sí Millwall ní 2012. Ní oṣù kẹta 2013, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Millwall lọ bá Blackburn nílé wọn nínú ìdíje ife FA. Orí ni Shittu fi kan bọ́ọ̀lù wọlé, góòlù kan ṣoṣo ọjọ́ náà nìyẹn, òun ló sì gbé Millwall dé Wembley. Báàkì ló jẹ ẹ́.

Kì í ṣe òun ni ọmọ Èkó àkọ́kọ́ tó tọ ọ̀nà yìí. Teslim Balogun tí àwọn bàbá wa ń pè ní Thunder wà lára ẹgbẹ́ tó lọ sí Ìlú Ọba ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Ní 1955 ó padà lọ sí Peterborough, ó sì dé Queens Park Rangers ní 1956. Ìpele kẹta ni ẹgbẹ́ náà wà nígbà náà pẹ̀lú. Góòlù ni tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó di kóòṣì. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá tó wà ní Surulere títí dòní.

Ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́? Àkọ́kọ́, ọ̀nà yìí kì í ṣe àkàbà tí à ń gùn lọ sókè láìsọ̀kalẹ̀. Ó dà bí ọjà: òní gbówó, ọ̀la dínwó. Ipò tí ẹgbẹ́ bá wà ni owó ń tẹ̀lé. Nílé níbí pàápàá, ẹ wo Sporting Lagos tó ń gbá ní Oníkàn. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2022, ó gòkè sí líìgì àgbà ní 2023, ó sì jábọ́ ní 2024. Agbábọ́ọ̀lù tó jẹ gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́dún tí ẹgbẹ́ gòkè, kí ni yóò jẹ lọ́dún tó bá jábọ́?

Èkejì, mo ń bá ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin kan bá wá bá yín ní ìsọ̀, tó ní òun yóò gbé ọmọ yín lọ sí òkè òkun, kí ẹ mú owó wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó ọjà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ọmọ ni í sanwó. Kì í gbowó lọ́wọ́ òbí. Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, àyàfi nítorí ìdí díẹ̀ kan, bíi kí àwọn òbí fúnra wọn ti ṣí lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Láti 2023 pẹ̀lú, ẹni tó bá ń ṣe alágbàsọ fún agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò FIFA, kó sì ní ìwé àṣẹ. Ẹ ní kó mú ìwé náà wá. Ẹ mú un tọ tíṣà ọmọ lọ kó bá yín kà á, kó sì wo orúkọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá ó wà nínú àkọsílẹ̀ FIFA. Bí ọkùnrin náà bá bínú torí èyí, ẹ jẹ́ kó máa bínú lọ.

Ẹ̀kẹta, àdéhùn ẹnu kò tó. Kí ẹ gba ìwé tó sọ iye owó oṣù, iye ọdún, àti ẹni tí yóò sanwó ìwòsàn bí eegun bá dá. Iṣẹ́ báàkì, fífi ara gbún ara ni. Láti 2018, òfin FIFA sọ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì láìnídìí, ó lè fún wọn ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí wọn kò bá sì san án, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́, kí ni yóò fi rojọ́?

Ẹ̀yin tíṣà, tiyín ló kù. Ẹ má lu ọmọ nítorí bọ́ọ̀lù, ẹ má sì jẹ́ kó fi bọ́ọ̀lù sá fún ìwé. Amòfin ni Samuel Okwaraji, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Ulm ní ìpele kejì ní Jámánì nígbà tí Nàìjíríà pè é. Ó ṣubú ní pápá ní Surulere ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, nínú eré pẹ̀lú Angola, ó sì kú. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni. Ó fi hàn wá pé ìwé àti bọ́ọ̀lù lè gbé inú ọmọ kan náà. Ó tún fi hàn wá pé ẹran ara lásán ni ẹsẹ̀ tí à ń fi gbá a.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sọ lónìí pé báàkì ni òun, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi í pé ṣé ó ti ṣe iṣẹ́ ilé tí tíṣà fún un. Bó bá ti ṣe é, ẹ jẹ́ kó lọ ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.