Kí Ìwé Ìrántí Wa Má Ṣe Jẹ́ Ẹyọ Kan

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Ó fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun fún títẹ̀, ó sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ní 1901 ni ó kú. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀, tí ó tún ìwé náà kọ. Òun pàápàá kú ní 1920, ọdún kan kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Irú rẹ̀ ṣẹ̀ sí àwa náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, a ní ojúewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún oríkì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Inú àká ìsọfúnni kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, lórí kọ̀ǹpútà àwọn tí a ń sanwó fún. Owó ọdún kan pẹ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Méjì nínú àwọn àgbà náà ti re ibi àgbà ń rè.

Ìdí rèé tí a fi ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí pé kí ó kọ àwọn ìtàn rẹ̀ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, èyí tí kọ̀ǹpútà yòówù lè ṣí. Hugo, ohun èlò ọ̀fẹ́ tí ó jáde ní 2013, yóò sọ wọ́n di ojúewé tí ó ti ṣe tán láti kà, yóò sì kó wọn sínú fódà tí ń jẹ́ public. Kò sí àká kankan lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lè bàjẹ́. Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ ní 2005, ni yóò máa ṣọ́ àwọn fáìlì náà. A ó kọ git init lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, a ó kọ git add àti git commit, Git yóò sì pa orúkọ ẹni tí ó ṣe é mọ́, àti ọjọ́, àti ìdí tí ó kọ. (Ìdí yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í fẹ́ kọ. "Mo tún un ṣe" ni wọn yóò kọ, wọn a sì dìde.)

Ẹ̀yin ìjòyè mọ ohun tí orúkọ kan tí a yọ kúrò nínú ìwé ìdílé ọlọ́ba lè dá sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá yọ ọ́, tàbí bí ó tilẹ̀ ṣe pé ó kàn sọ ọkọ́ di ọkọ̀, git diff yóò fi ìlà àtijọ́ àti ìlà tuntun hàn. A kò wí pé kò ṣeé tàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tàn án jẹ ní láti dé ibi gbogbo tí ẹ̀dà rẹ̀ wà, nítorí pé ẹ̀dà tí a bá fi git clone ṣe a máa ru gbogbo ìtàn àtúnṣe náà lọ.

Àwọn kan yóò wí pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Kí àwọn ọmọdé ṣe é, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé má ṣe wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. A dábàá pé kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀kan lọ́dọ̀ akọ̀wé ààfin, àti ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ ìlú tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì tí ó ṣẹ́kù sínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa; a ó sì gbé e wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.