Eégbọn Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Màlúù Nìkan



Òjò ti ń rọ̀. Koríko ti ga. Bí ẹ bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ lè rí nǹkan kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ara yín. Ẹ ó rò pé ẹ̀gún ni. Ẹ ó gbọ̀n ọ́n, kò ní bọ́. Eégbọn ni.

Gbogbo wa la mọ eégbọn. A ti rí i ní etí ajá, ní abẹ́ ìrù màlúù, ní ọmú ewúrẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń sọ ni pé: "Ọ̀rọ̀ ẹran ni. Ọ̀rọ̀ Fúlàní ni." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni a fẹ́ bá yín yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé kò tọ̀nà. Eégbọn kò mọ Fúlàní, kò mọ àgbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá. Ewúrẹ́ tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín ní eégbọn lára. Ajá ọdẹ ní i. Ẹni tó ń bá darandaran jà nítorí eégbọn, kí ó kọ́kọ́ wo etí ajá tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń gbé ayé. Abo eégbọn ń mu ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ó ń wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi. Bí ó bá yó, ó já bọ́ sílẹ̀, ó yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí ìdí koríko tàbí sínú ilẹ̀ tó là, lẹ́yìn náà ó kú. Ọmọ tó jáde láti inú ẹyin kéré gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Bí ó bá dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di 8. Kò ní ìyẹ́, kì í fò. Ó ń gun orí koríko, ó ń na ẹsẹ̀ iwájú, ó ń dúró. Bí ẹran bá kọjá, ó mú ẹran. Bí ènìyàn bá kọjá, ó mú ènìyàn. Oríṣi kan tilẹ̀ wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òrùka funfun àti pupa. Òun kì í dúró. Bí ó bá gbọ́ òórùn yín, ó ń sáré bọ̀ lórí ilẹ̀.

Ẹnu tó fi mu ẹ̀jẹ̀ ẹran aláìsàn ló tún fi ń mu ẹ̀jẹ̀ wa. Ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé. Ara gbígbóná, orí fífọ́, ẹran ara tó ń dunni bí ẹni tí wọ́n fi igi nà. Níbi tí eégbọn ti bu ènìyàn jẹ, ẹ lè rí èépá dúdú kan. Kókó lè yọ ní abẹ́ abíyá tàbí ní orí itan. Kí ni a máa ń sọ? A ní: "Ibà ni." A lọ sí ọjà, a ra oògùn ibà lọ́wọ́ ẹni tó gbé oògùn sórí atẹ. A lò ó tán, ara ṣì ń gbóná. A tún ra òmíràn. Owó ọ̀sẹ̀ kan ti lọ, aláìsàn ṣì wà lórí ẹní.

Òtítọ́ ni pé ibà ẹ̀fọn ló pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Ní Togo, láàárín ọdún 2002 sí 2004, àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn ń gbóná wò ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibà ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 10 ni wọ́n bá kòkòrò àìfojúrí ti ibà mìíràn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, èyí tí eégbọn ń fúnni. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ kò rí i. Àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ló fi í hàn. Ibà yìí ń lọ, ó sì ń padà bọ̀. Ènìyàn á rò pé ara òun ti yá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara tún gbóná. Ní Senegal, eégbọn tó ń fa irú ibà yìí ń gbé inú ihò èkúté nínú yàrá. Ní òru ló ń jáde. Ó bu ẹni tó ń sùn jẹ, ó padà sínú ihò, ẹni náà kò sì mọ̀ nǹkan kan.

Èyí tó burú jù lọ ni ibà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jáde lára ènìyàn. Kòkòrò àìfojúrí rẹ̀ wà nínú eégbọn, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ tí irú eégbọn bẹ́ẹ̀ bù jẹ. Ẹran náà kò ní ṣàìsàn. Yóò máa jẹ koríko rẹ̀. Nínú ènìyàn 100 tí ó bá mú, ó lè pa 10, ó sì lè pa 40. Ní ọdún 2003 ó ṣẹlẹ̀ ní Mauritania. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló kọ́kọ́ ṣàìsàn, lẹ́yìn tí ó kun ẹran ewúrẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ènìyàn 15 kó o lára rẹ̀ níbẹ̀, ènìyàn 4 sì kó o nínú ẹbí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, ènìyàn 38 ló mú. Nínú àwọn tí kò kó o lára ọ̀dọ́bìnrin náà, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì jẹ́ alápatà.

Nítorí náà, ẹ̀yin alápatà, àti ẹ̀yin ìyá tó ń kun ẹran ọdún, a bẹ̀ yín. Bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ se ẹran jinná. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé máa já eégbọn lára awọ ẹran, kí ó máa fi èékánná pa á bí eré. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde níbẹ̀ kì í ṣe ohun eré.

A kò ní gbàgbé ẹran ọ̀sìn wa, nítorí owó wa wà níbẹ̀. Eégbọn ń pa màlúù, ó ń pa àgùntàn. Bí màlúù bá ń tọ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ pupa, tàbí tí àgùntàn bá ń yí po lójú kan tó sì ṣubú tó ń gbọ̀n, ó lè jẹ́ iṣẹ́ eégbọn. Lẹ́yìn ọdún 2000, wọ́n kó màlúù onímílíìkì láti Brazil wá sí oko ìjọba ní Kpinnou, ní apá Mono. Àwọn onímọ̀ gbà pé eégbọn kan tí kò sí ní ilẹ̀ Benin tẹ́lẹ̀ bá wọn wọlé. Ó ti tàn kọjá Kpinnou báyìí. Oògùn tó ń pa àwọn tó kù kì í sábà ràn án. Lékeléke àti adìẹ ń ṣa eégbọn jẹ, ẹ kú orí ire tí ẹ bá ní wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣa á tán.

Àwọn kan wá ń ṣe ohun tó ń bà wá lẹ́rù. Wọ́n ń bu oògùn òwú, wọ́n ń fi pa ara màlúù. Àwọn mìíràn ń fi sí orí ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣíwọ́! Oògùn òwú kì í ṣe fún awọ ara. Ẹ rántí Borgou ní ọdún 1999 àti 2000: oògùn òwú pa ènìyàn níbẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran. Bí owó kò bá ká a fún ẹnì kan, kí ilé mẹ́wàá da owó pọ̀, kí ẹ ra oògùn tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ fọ́n ọn sára gbogbo ẹran ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fọ́n sí ti Àkànní, tí ẹ fi ti Àlàó sílẹ̀, eégbọn á padà sọ́dọ̀ Àkànní láàárín oṣù kan.

Báwo ni a ṣe ń yọ eégbọn lára ènìyàn? Ẹ má fi iná sun ún. Ẹ má da epo àtùpà lé e. Ẹ má fi òróró pa á. Bí ẹ bá ń ni ín lára, ó lè pọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ara yín. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú ní ẹnu rẹ̀, níbi tí ó ti kan awọ gan-an, kì í ṣe ní ikùn. Ẹ fà á sókè ní tààrà, díẹ̀díẹ̀, ẹ má yí i, ẹ má já a lójijì. Bí kò bá sí ẹ̀mú, ẹ fi ọ̀rá tàbí aṣọ bo ìka kí ẹ tó mú un. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ojú ibẹ̀ àti ọwọ́ yín. Ìgbà tí ó bá ti kúrò lára tán ni ẹ lè jù ú sínú iná.

Ẹ má dúró di ọ̀la. Bí eégbọn bá ṣe pẹ́ tó lára, bẹ́ẹ̀ ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní alaalẹ́, kí ọkọ wo ẹ̀yìn ìyàwó, kí ìyàwó wo ẹ̀yìn ọkọ. Ẹ wo inú irun ọmọ, ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdodo, itan, ẹ̀yìn orúnkún. Kò gba àkókò ju ìgbà tí omi fi ń hó lórí iná lọ. Bí ẹ bá ń lọ sí koríko gíga, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ gé koríko yí ilé ká. Ẹ so ẹran jìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn. Ẹ fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì dí ihò èkúté nínú yàrá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, iṣẹ́ kan wà fún yín. Ẹ mú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ yọ eégbọn lára ènìyàn kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ 14, oṣù 6. Eégbọn. Abíyá òsì Ìyábọ̀." Bí ara Ìyábọ̀ bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má lọ sọ́dọ̀ olóògùn orí atẹ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ẹ mú ìwé náà lọ́wọ́, kí ẹ fi han oníṣègùn kí ó tó kọ oògùn. Oògùn wà fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibà yìí, bí oníṣègùn bá mọ ohun tó ń wá.