Ẹkún Ìkókó

Bí ìkókó bá délé ayé, igbe rẹ̀ ni agbẹ̀bí kọ́kọ́ máa ń retí. Bí kò bá ké, ara á fu wọ́n pé afẹ́fẹ́ ò dé ọpọlọ rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n etí èèyàn kì í gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú igbe.

Láti ọdún 2014 ni Charles Onu, ọ̀dọ́ ọmọ Nàìjíríà tó kàwé ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti fi igbe dá ewu àìtó afẹ́fẹ́ yìí mọ̀. Fóònù ni wọ́n fi ń gba ohùn náà sílẹ̀. Lọ́dún 2023, Ubenwa, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, kó igbe ìkókó 786 jáde fún àwọn olùwádìí. Iṣẹ́ ńlá ni.

Àwọn ọ̀dọ́ tó lè ṣe irú rẹ̀ ò jìnnà sí Ugborikoko, ní ìpínlẹ̀ Delta. FUPRE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ epo rọ̀bì, wà ní Effurun nítòsí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí igbe, àkọsílẹ̀ ìlera ọmọ tí kọ̀ǹpútà lè kà ni wọ́n máa nílò. Ìwé ńlá tí nọ́ọ̀sì fi báírò kọ, tí òjò lè bà jẹ́ lọ́jọ́ kan, kò lè kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n bí a kò bá kọ́kọ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Delta gbé kọ̀ǹpútà àti iná tó dúró dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé. Kí wọ́n sì rí i pé ìyá yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni tó gba ohùn ọmọ rẹ̀.