Ta ló ń bọ́ àwọn tó ń ṣe àpò owó àṣírí?

Kò sí oníṣòwò ẹ̀gúsí tàbí gààrí kankan n'Ígbó-Ọrà tàbí l'Érùwà tí yóò gbé ìwé owó rẹ̀ sójú ọjà kí gbogbo ayé máa kà á. Ìyẹn ò sì sọ ọ́ di olè. Alájọ mọ iye tí kálukú ń dá, kì í sọ ọ́ fún ẹlòmíì, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni tiẹ̀. Gbogbo ọjà ló mọ ibi tó ti ń jẹun.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò Ìbàràpá wádìí náà nìyẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe wọ́lẹ́ẹ̀tì Bitcoin tó ń bo àṣírí. Gbangba ni àkọsílẹ̀ Bitcoin wà. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì yín lè tọpa owó tó gba ibẹ̀ kọjá.

Àṣírí yìí wúlò. Lóṣù kẹwàá, ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, tí ọ̀nà báńkì dí mọ́ Feminist Coalition, Bitcoin ni wọ́n fi ń gba owó ìrànwọ́. Lóṣù kejì, ọdún 2021, báńkì àpapọ̀, CBN, ní kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò ẹ̀. Oṣù kejìlá, ọdún 2023, ni wọ́n tó yí àṣẹ náà padà.

Ṣùgbọ́n ibi tí owó iṣẹ́ náà ti ń wá ni wàhálà wà. L'Amẹ́ríkà, Keonne Rodriguez àti William Lonergan Hill, tí wọ́n ṣe Samourai Wallet, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń bá da owó pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ orísun rẹ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi, pé àwọn mọ̀ pé owó ọ̀daràn ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilé-ẹjọ́ rán Rodriguez lẹ́wọ̀n ọdún 5, Hill ọdún 4.

Àwọn tó ń gbèjà wọn ní alágbẹ̀dẹ kì í jẹ̀bi ohun tí wọ́n fi àdá ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó mọ olè, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá jalè, ti kúrò ní alágbẹ̀dẹ lásán. Bí owó olè àti owó ọlọ́jà bá ń mú èrè kan náà wọlé, ta ni yóò fẹ́ lé olè?

Ọ̀nà tó dára jù wà. Lọ́dún 2021, Jack Dorsey àti Jay-Z fi Bitcoin 500 sílẹ̀ fún Btrust, tí àwọn ọmọ Áfíríkà bí Abubakar Nur Khalil ń darí, láti ran àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ẹni tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ kò níí máa wo iye tí ọ̀daràn gbé wọlé kó tó jẹun. Àmọ́ owó ìrànwọ́ lè tán. Ó yẹ kí àwa tí à ń lò ó náà máa dá díẹ̀ sí i.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ. Kí ọlọ́jà tó kó owó sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì kankan, kó kọ́kọ́ mọ irú pẹpẹ tó ń bọ́ ẹni tó ṣe é.