Kí Rẹ́mọ tó kan pákó àkọ́kọ́ mọ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ inú igbó

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Bóyá ni ibì kan wà tí òwe yìí ti wúlò tó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ inú igbó. Ìtì igi kan náà tí ó dábùú ọ̀nà lè jẹ́ ìdùnnú fún ẹni tí ó ti rí i tí ó sì ti múra sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ egungun ṣíṣẹ́ fún ẹni tí ó bá a lójijì. Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ bá ń gbèrò láti la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí wọ́n yanjú kí òòlù tó kan ìṣó: ta ni yóò máa bójú tó o lẹ́yìn ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀?

Rẹ́mọ kì í ṣe àlejò nínú eré ìdárayá. Ìkẹ́nnẹ́ ni ibùgbé Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó gba ife líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025. Ṣàgámù ní pápá ìṣeré ńlá tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè yìí lẹ́ẹ̀mejì, ní 2006 àti ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni bọ́ọ̀lù wù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìlétò ni yóò ní pápá oníkoríko. Ọ̀nà oko tí ó gba inú igbó obì kọjá, yẹ̀pẹ̀, òkúta yangí àti kẹ̀kẹ́ ológeere díẹ̀ lè fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní ohun tí wọn yóò fi ẹsẹ̀, ojú àti ọpọlọ wọn ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní àṣà òyìnbó. Kí ọ̀kadà tó gba ojú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi ń gbé kòkó, ẹmu àti gbàǹja jáde láti oko. Ìtì igi méjì tàbí mẹ́ta tí a dá sórí odò ni afárá wọn. Àgbẹ̀ tí ó bá gbé kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹrù gba orí igi tí ó tutù kọjá mọ̀ pé òdìkejì odò ni a ń wò, kì í ṣe ìdí táyà. Ibi tí ojú bá wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ lónìí. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Marin ní California bẹ̀rẹ̀ ìdíje sísọ̀kalẹ̀ òkè ní 1976, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó wúwo ni wọ́n gùn. Ogún ọdún péré lẹ́yìn náà, ní Atlanta ní 1996, eré wọn ti wọ ìdíje Olympic.

Ohun tí ó mú eré yìí yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ gígùn lórí ọ̀dà ni àwọn ìdánwò tí a kọ́ sójú ọ̀nà. Afárá tẹ́ẹ́rẹ́ wà, tí a fi pákó kéékèèké kàn lé orí igi gígùn méjì bí àkàbà tí a tẹ́ sílẹ̀. Òkúta tí a tò jọ wà, tí agunkẹ̀kẹ́ yóò yan ọ̀nà láàárín wọn. Ògiri yẹ̀pẹ̀ wà níbi tí ọ̀nà ti yí, èyí tí ó ń gba táyà mú kí kẹ̀kẹ́ má bàa yọ̀ síta. Orí àpáta tàbí pèpéle sì wà, níbi tí kẹ̀kẹ́ yóò ti kúrò nílẹ̀ kí ó tó balẹ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé Rẹ́mọ kò ní òkè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwíjàre náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òkè Élancourt nítòsí Paris, níbi tí wọ́n ti du góòlù eré yìí ní 2024, jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di ibi ìdapàǹtírí. Òun ni ó wá di ibi tí ó ga jù lọ ní agbègbè Paris, ní mítà 231. Ní Hadleigh Farm ní Essex ní 2012, ńṣe ni wọ́n kó àpáta wá láti tò sí ojú ọ̀nà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ́ ìṣòro ojú ọ̀nà méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó kọ́ ọ, ọwọ́ ènìyàn náà ni yóò dáhùn fún un. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Japan ní oṣù Keje ọdún 2021 fi èyí hàn kedere. Nínú ìdíje Olympic ti Tokyo, Mathieu van der Poel, ọmọ Netherlands tí ó wà lára àwọn agunkẹ̀kẹ́ tí ó mọṣẹ́ jù lọ láyé, dé orí àpáta gíga kan. Ó gbà pé pákó wà níbẹ̀ tí táyà òun yóò tẹ̀ sọ̀kalẹ̀, nítorí pé pákó náà wà níbẹ̀ nígbà ìdánrawò. Wọ́n ti gbé e kúrò. Ó ré kọjá lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ṣubú lulẹ̀ gbìì, kò sì parí ìdíje náà. Àwọn mìíràn fò láti orí àpáta kan náà láìfarapa. Kì í ṣe gíga àpáta ni ó gbé ọkùnrin náà ṣubú. Ohun tí ó gbọ́kàn lé kò sí níbẹ̀ mọ́ ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí akọni lójú gbogbo ayé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí pákó kẹta lórí afárá bá ti jẹrà tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò?

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti ní ìlànà tí kò ṣòro láti lóye. Èkíní, gbogbo ìdánwò gbọdọ̀ ní ọ̀nà àyípo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò tíì tó o lè gba ibẹ̀ kọjá láìsí ìtìjú. Èkejì, ibi tí ó le jù ni kí a fi ṣáájú: bí afárá kan bá máa tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ ni kí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí ó ṣì súnmọ́ ilẹ̀, kí ẹni tí kò lè gùn ún tètè mọ̀. Ẹ̀kẹta, ibi tí a óò balẹ̀ sí gbọdọ̀ dagun wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ti òkè balẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ọrùn ọwọ́ àti eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gba gbogbo ìwúwo náà. Ẹ̀kẹrin, a gbọdọ̀ lè rí ìdánwò náà láti òkèèrè, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí.

Ti omi náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀nà tí ó bá dojú kọ ìsàlẹ̀ tààrà yóò di ọ̀nà ọ̀gbàrá kí òjò ọdún kan tó tán. Ìdí nìyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ń sọ pé, ní ìpíndọ́gba, kí ọ̀nà má sọ̀kalẹ̀ ju mítà 10 lọ nínú mítà 100, kí dídagun rẹ̀ má sì ju ìdajì ti ẹ̀gbẹ́ òkè fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí òjò oṣù Keje ń ṣe sí ilẹ̀ pupa Rẹ́mọ kò ní pe èyí ní àṣejù.

Ìlú kan ti gba ọ̀nà yìí rí tí a lè kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Lórí àwọn òkè tí ó wà ní àríwá Vancouver ní Kánádà, òjò pọ̀, ilẹ̀ sì máa ń rọ̀. Àwọn agunkẹ̀kẹ́ ibẹ̀ fi igi tẹ́ afárá kọjá ẹrọ̀fọ̀ àti gbòǹgbò. Kò pẹ́ tí afárá fi kúrò ní ohun ìrékọjá, tí ó di ohun ìfidárà: ó ń ga sí i, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ẹlòmíràn kọ́ tirẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Nígbà tí igi ń jẹrà, àwọn aláṣẹ wó lára wọn. Ohun tí ó gba eré náà là ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997, èyí tí ó jókòó pẹ̀lú àwọn onílẹ̀, tí ó sì ń pín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí yóò gbà á ṣe ọmọ, tí wọn yóò máa tún un ṣe.

Ní Rẹ́mọ, ewu náà tún pọ̀ ju ti Vancouver lọ, nítorí ikán. Ọparun tí ó lágbára ní oṣù Kìíní lè ti di ìyẹ̀fun nínú kí ọdún tó yípo, kí èèpo rẹ̀ sì ṣì máa dán. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n yóò fi yẹ̀pẹ̀ tí a gún dáadáa àti yangí kọ́ ohun tí ó bá ṣeé fi wọ́n kọ́, yóò sì fi pákó mọ sí orí omi àti àbàtà níkan. Yóò gbà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tí ó ni igbó obì náà. Yóò sì rántí pé ìyá àgbà tí ó ru igi ìdáná ti ń gba ọ̀nà náà ṣáájú kẹ̀kẹ́, òun ni a sì gbọdọ̀ yà fún.

Ṣé eré kẹ̀kẹ́ ni ó kàn nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ ṣì ń bàjẹ́, tí oúnjẹ sì wọ́n? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọwọ́, ọkọ́ àti ìmọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́ jù, kì í ṣe owó ńlá. Mayflower School tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956 ti fi hàn tipẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ọmọ. Ọmọ tí ó bá ṣírò bí ibi ìbalẹ̀ yóò ṣe dagun ti kọ́ ìṣirò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí a rántí Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ pé àwọn ará Jámánì ni wọ́n yá a ní kẹ̀kẹ́ tí ó fi kópa nínú ìdíje inú gbọ̀ngàn ní Olympic Paris 2024. Orílẹ̀-èdè tí kò bá pèsè ohun èlò nílé yóò máa tọrọ rẹ̀ lójú agbo.

Láyé àtijọ́, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni ó ń ro ọ̀nà oko tirẹ̀. Ṣàgámù fúnra rẹ̀, tí ìlú mẹ́tàlá para pọ̀ tẹ̀ dó ní 1872, mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ láìpín ìlú. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí yóò máa yẹ afárá kọ̀ọ̀kan wò sí ara rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Kí wọ́n fún un ní àṣẹ láti ti ọ̀nà pa láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún láìdé akoto. Kí wọ́n sì ti ya owó ìtúnṣe sọ́tọ̀ kí wọ́n tó pe ọlọ́lá wá gé rìbọ́ǹnù. Bí wọn kò bá lè rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà, kí wọ́n fi pákó wọn sílẹ̀ ní ọjà. Afárá tí kò ní olùtọ́jú, pàkúté ni.