Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ata Inú Garawa Kò Ní Ibi Tí Yóò Sá Sí

   

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá oníṣòwò kan ní Ìbàdàn. Màmá yìí kò ní ilẹ̀, iwájú ilé ni ó gbin ata rodo sí nínú garawa mẹ́jọ. Ẹnìkan ní kí ó lọ kó ìgbẹ́ adìẹ wá, pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni ata yóò ṣe so tó. Ó kó o wá ní tútù, ó sì dà á sí ìdí ata. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, etí ewé ti gbẹ bí ẹni pé iná rà á, mẹ́fà sì ti kú nínú mẹ́jọ. Màmá wá béèrè pé: "Ṣé ọwọ́ ayé ni, àbí àrùn?"

Màmá, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe àrùn. Oúnjẹ tí kò tíì jinná ni ẹ gbé fún ata yín.

Nínú ìgbẹ́ ẹran tí a ń lò lọ́gbà, ti adìẹ ni ó lágbára jù. Ti màlúù kò tó o rárá. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹja tí a fi iyọ̀ sí: ṣebí omi ara rẹ̀ ni iyọ̀ ń fà jáde? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe gbòǹgbò ata. Òórùn tí ń ta ni lójú nínú ilé adìẹ náà kò ṣàì jó gbòǹgbò tí ó bá ṣì rọ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní bàbá òun a máa da ìgbẹ́ adìẹ sóko, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oko kì í ṣe garawa. Lóko, ilẹ̀ fẹ̀, òjò ń fọ̀ ọ́, gbòǹgbò sì lè yà síbòmíràn. Ti inú garawa dà bí ẹni tí a tì mọ́ yàrá tí èéfín kún. Níbo ni yóò sá gbà?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìgbẹ́ jinná kí ẹ tó lò ó. Ẹ mú òṣùwọ̀n ìgbẹ́ kan, ẹ fi méjì ewé gbígbẹ tàbí ìyẹ̀fun pákó pò ó. Ẹ wọ́n omi sí i kí ó tutù níwọ̀nba, kí ẹ sì bò ó kí òjò má baà fọ agbára rẹ̀ lọ. Ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òkìtì tí ó bá ga tó mítà kan yóò gbóná nínú. Ti inú àpò tàbí agbọ̀n kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ fún un ní oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Nígbà tí ó bá dúdú, tí ó tutù, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ó ti ń jinná nìyẹn. Ẹ gbin èso tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sínú agolo tí ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sí pẹ̀lú erùpẹ̀. Bí ó bá hù dáadáa, ẹ lè lò ó.

Ọ̀ràn ìlera tún wà níbẹ̀. Kòkòrò àrùn tí ń da inú rú lè wà nínú ìgbẹ́ tútù. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sọ pé 120 ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí a da ìgbẹ́ tútù sílẹ̀ àti ìgbà tí a kórè ohun tí ń kan ilẹ̀; 90 ọjọ́ fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Ewédú àti tẹ̀tẹ̀ wa kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kí a tó já a. Ẹ ò rí i pé ìgbẹ́ tútù kò bá wọn ṣe rárá? Ìgbẹ́ ajá, ti ológbò àti ti ènìyàn ni kí ẹ má tilẹ̀ fọwọ́ kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìn, erùpẹ̀ mẹ́ta sí ìgbẹ́ jíjinná kan ni kí ẹ pò. Ẹ lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí garawa. Omi tí ń gba ihò yìí jáde ń gbé oúnjẹ lọ, nítorí náà ẹ máa fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ó má kan igi ata, kí ẹ sì bomi rin ín. Eérú igi dára níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹ má pò ó mọ́ ìgbẹ́ tútù, nítorí yóò lé agbára rẹ̀ dà sínú afẹ́fẹ́.

Ní ti ata méjì tí ó ṣẹ́kù, Màmá, ẹ há ìgbẹ́ náà kúrò lórí erùpẹ̀, kí ẹ sì da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta títí yóò fi máa ṣàn jáde nísàlẹ̀. Bí ewé tuntun bá yọ, ó bọ́ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù se oúnjẹ ata rẹ̀, kò ní fi owó ra ata lọ́jà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.